Àbọ̀ rèé: mo ti kúrò lórí 41

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì mi. Lóṣù tó kọjá, mo kọ ọ́ síbí pé ìṣẹ́jú àáyá 41 ni mo fi ń yí pápá kart (ọkọ̀ eré-ìje kékeré) ká, àti pé n kò lè kọjá ẹnikẹ́ni, mo sì bi yín pé kí ni kí n ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé, mo sọdá bíríìjì láti Yábàá lọ sí Erékùṣù, mo sì gbé 38.4 jáde!

Bíréèkì ni ìṣòro mi. Ẹ ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ nígbà tí táyà ṣì dúró gbọọrọ. Àárín kọ́nà ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ìdí ọkọ̀ á sì yọ̀ fìì. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, eré kan náà ni wọ́n jọ ń sá. Tí mo bá fi ipá já sítíárìn, táyà á máa ha ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa kérora. Ní báyìí, etí ni mo fi ń mọ̀ ọ́n: tí kò bá ti kérora, mo ṣe é dáadáa nìyẹn.

Ti kíkọjá ẹlòmíì, mo yé lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Mo fà sẹ́yìn díẹ̀, mo jẹ́ kó wọ kọ́nà tóóró kan, eré tí mo bá jáde sì ju tirẹ̀ lọ. Ká tó dé kọ́nà kejì, imú kart mi ti bá èjìká rẹ̀ dọ́gba lápá inú. Ó fún mi láyè, a kò kan ara wa rárá. Mo pariwo nínú àṣíborí!

Ẹ ṣé gan-an, pàápàá bọ̀dá tó ya àwòrán kọ́nà fún mi. Kọ́nà ìkẹyìn ṣì ń dà mí láàmú, ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn nìyẹn. Mo ti pa èyí dé.