Ọ̀gá ò san owó pé, ó tún ní "má wá mọ́": kí lẹ mọ̀ nípa ẹ̀?

Ará Wándó, Àjàṣẹ́:
Ohun tó máa ń ba ẹjọ́ òṣìṣẹ́ jẹ́ jù ni ìbínú. Ọ̀gá á jẹ owó oṣù méjì, òṣìṣẹ́ á kó ẹrù ẹ̀, á bá tiẹ̀ lọ. Ọ̀gá á wá ní òun kọ́ ló lé e, "abandon de poste" ni, ìyẹn pé òṣìṣẹ́ fúnra ẹ̀ ló fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó kó ẹ̀rí jọ.

Ẹ ra kàyé kan. Ẹ máa kọ déètì sí i, aago tẹ́ ẹ wọṣẹ́, aago tẹ́ ẹ jáde, àti ẹni tẹ́ ẹ jọ wà níbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni o! Ẹni tó jókòó lọ́jọ́ kan kọ oṣù mẹ́ta pọ̀, bírò kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú á ti mọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò ó. Láti January 2023, owó oṣù tó kéré jù ní Bẹ̀nẹ̀ ni 52.000 Sẹ́fà. Wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni òfin wí, ìyẹn bíi wákàtí 173 àti díẹ̀ lóṣù; bẹ́ ẹ bá fi pín 52.000, wákàtí kan wá jẹ́ 300. Láti wákàtí 41 dé 48, ẹ fi 12% lé e: 336. Ẹni tó ń ṣe wákàtí 48 ní 2.688 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó gbà lé owó ẹ̀.

Ọmọ Kétu:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Àwọn ọ̀gá kan á kọ 52.000 sínú bulletin (ìwé owó oṣù), wọ́n á ka 35.000 léni lọ́wọ́, wọ́n á ní kéèyàn tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ kọ "reçu 35 000" (mo gba 35.000) sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín gan-an, kó sún mọ́ ọn débi tí wọn ò ní lè gé e kúrò, kẹ́ ẹ sì fi fóònù yà á. Ẹni tó ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀ láìkọ nǹkan kan, owó ẹ̀ ò tíì sọnù: fífọwọ́ sí bulletin kì í ṣe pé èèyàn yááfì ìyókù.

Ìyá Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin ọmọ mi. Ilé ẹjọ́ kọ́ lẹ kọ́kọ́ ń lọ, Inspection du travail (ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́) tó ni àgbègbè ibiṣẹ́ yín ni. Ẹ kọ lẹ́tà ní ẹ̀dà méjì: ọjọ́ tíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, iye tó kù, bẹ́ ẹ ṣe ṣírò ó. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Wọ́n á pe ẹ̀yin àti ọ̀gá. Bó bá gbà láti san, kí iye àti ọjọ́ sísan wà nínú ìwé. Bí kò bá gbà, wọ́n á kọ procès-verbal de non-conciliation (ìwé tó sọ pé ẹ ò rí i yanjú), òun ló ń gbé ẹjọ́ dé tribunal (ilé ẹjọ́). Ẹ ò ní sanwó ẹjọ́, aṣojú síndíkà sì lè bá yín dúró.

Bí ọ̀gá bá torí ẹ̀ ní kẹ́ ẹ má wá mọ́, ẹ dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lásìkò tẹ́ ẹ máa ń dé, pẹ̀lú ẹni tó lè jẹ́rìí. Bí wọ́n bá tilẹ̀kùn, ẹ kọ ọ́ sí i lórí WhatsApp: "Ọ̀gá, mo dé ní aago méje, wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Ṣé ẹ lé mi ni?" Bó tilẹ̀ dákẹ́, ọjọ́ àti aago ti wà lákọsílẹ̀. Òfin ní kí lílé èèyàn níṣẹ́ wà nínú ìwé, kí ìdí ẹ̀ sì wà níbẹ̀. Bí adájọ́ bá rí i pé kò tọ́, òfin 2017 fi owó gbà-má-bínú sáàárín owó oṣù 3 sí 9. Ti délégué du personnel (aṣojú táwọn òṣìṣẹ́ dìbò yàn níbi iṣẹ́) tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀gá ò lè lé e láìgba àṣẹ Inspection.

Ará Wándó, Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣé, Mà. Ẹ tún yẹ CNSS (àjọ tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́) wò. 3,6% ni wọ́n ń yọ lára owó òṣìṣẹ́. Àwọn kan ń yọ ọ́, wọn ò sì san án síbẹ̀. Ẹ kó bulletin yín lọ, kẹ́ ẹ béèrè oṣù tó wọlé àtèyí tí ò wọlé.