Iná wo ló yẹ ajá róbọ́ọ̀tì mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ń fi páálí àti Arduino Uno (bọ́ọ̀dù kékeré tó ń darí rẹ̀) ṣe ajá róbọ́ọ̀tì kékeré fún àwọn ọmọ mi, mọ́tò servo SG90 mẹ́rin (mọ́tò kékeré tó ń yí dé ibi tí a bá ní kó dé) ló sì ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá ń mì, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gbéra pọ̀, iná ara bọ́ọ̀dù á ṣẹ́jú, Arduino á tún ara rẹ̀ tàn, ajá á sì dúró gbagidi pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lókè.

Mo ti lo bátìrì 9V, mo sì ti fi kapasítọ̀ 1000µF (ohun tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀) kún un. Ó dín wàhálà náà kù díẹ̀, kò tán. Mo gbà pé iná tó ń gba inú bọ́ọ̀dù kọjá kò lè tó wọn, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́tò yìí lè fa ju 500mA lọ bí nǹkan bá dí i lọ́wọ́.

Bátìrì lithium 18650 méjì, irú tó ṣeé tún gba iná sí, wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ṣé kí n fi buck converter (ohun tó ń dín fóltéèjì kù) sọ iná wọn di 5V fún bọ́ọ̀dù àti mọ́tò pọ̀, àbí kí n ya bátìrì mọ́tò sọ́tọ̀, kí n kàn so waya ground (waya òdì) wọn pọ̀?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.