Kí ló mú kí wọ́n máa rántí John Peel títí di òní?

Ọmọ Ọ̀ṣun ní Nottingham béèrè pé:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ìyá mi, mo kí yín o. Mo ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní rédíò àdúgbò kan níbí, wọ́n sì ti fi mí kún àwọn tí yóò ṣe ètò ìrántí wákàtí kan fún John Peel, DJ ilé iṣẹ́ BBC Radio 1 tó kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2004 ní ìlú Cusco lórílẹ̀-èdè Peru, níbi tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ti rìnrìn àjò ìsinmi tó da iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ọn. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, ẹni ọdún 65 sì ni. N kò tíì dé ilẹ̀ yìí nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bàbá tó bí i lọ́mọ. Mo ti ka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Mo mọ̀ pé John Ravenscroft ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, pé Heswall nítòsí Liverpool ni wọ́n ti bí i ní 1939, àti pé ó wà lára àwọn DJ tí Radio 1 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn ní 1967. Èyí tí kò tíì yé mi ni pé ọkùnrin tí kò kọrin, tí kò lùlù, tó jẹ́ orin ẹlòmíràn ló ń gbé sáfẹ́fẹ́, kí ló ṣe tí wọ́n fi sunkún rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ nígbà ayé rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ, kí n má baà lọ máa ka ọdún àti oyè lásán fún àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Àgbà Leeds dáhùn pé:

Àbúrò mi, o kú akitiyan. Láàárín àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo ń kàwé ní Leeds, aago 10 alẹ́ ni ètò rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì wọ aago 12 òru. Lọ́sàn-án, àwọn orin tó ti ń tà wàràwàrà lọ́jà ni Radio 1 máa ń yí lọ yí bọ̀, tí àwọn olóòtú sì máa ń fi àwàdà àti ariwo bo ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí orin mọ́lẹ̀. Bó bá ti kan John Peel, gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì kánjú. Yóò dárúkọ ẹgbẹ́ olórin náà, yóò dárúkọ ilé iṣẹ́ kékeré tó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà jáde, yóò sì panu mọ́ títí orin yóò fi tán. Orin pọ́ńkì, orin gìtá aláriwo tó máa ń yára, láti Manchester lè ṣáájú, kí règé láti Jàmáíkà tẹ̀lé e, kí ó wá kan àwọn onígìtá láti Zimbabwe.

Ibi tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù nìyẹn. Àwọn mìíràn tó bá fẹ́ gbé orin Áfíríkà sáfẹ́fẹ́ láyé ìgbà náà, wọ́n á ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún un, wọ́n á sì máa ṣe àlàyé gùn-ún-gùn-ún kí ẹnì kankan tó gbọ́ orin. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àárín àwọn yòókù ló fi Bhundu Boys sí, nítorí pé orin wọn dùn mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ Four Brothers, tí àwọn náà wá láti Zimbabwe, ló ṣeré níbi ayẹyẹ àádọ́ta ọdún tó dé ilé ayé ní 1989. Fún ọmọ Yorùbá tó ń gbé nínú yàrá kan ṣoṣo nínú òtútù, ohun ńlá ni kí gìtá ilẹ̀ Áfíríkà dún lẹ́yìn orin àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó, kí ẹni tó gbé e jáde sì bu ọlá kan náà fún àwọn méjèèjì.

Ó tún ní ohun kan tí gbogbo àwọn olùgbọ́ rẹ̀ máa ń sọ. Rẹ́kọ́ọ̀dù kan á bẹ̀rẹ̀, ìlù á máa wọ́lẹ̀, ohùn akọrin á nípọn, á máa fà tuuru, a ó sì jókòó síbẹ̀ pé bóyá bí wọ́n ṣe ń kọ orin náà nìyẹn. Ìgbà tó bá yá ni yóò wọlé, tí yóò tọrọ gáfárà pé ìyípo 33 ní ìṣẹ́jú kan ni òun fi yí èyí tó yẹ kí òun fi 45 yí, yóò sì gbé e sórí ẹ̀rọ lákọ̀tun. Ìyẹn kò bí wa nínú rí. Ó jẹ́ kí a mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló yan rẹ́kọ́ọ̀dù náà, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e, pé ẹnikẹ́ni kò kọ ìwé ohun tí yóò yí lé e lọ́wọ́.

Ará Sítúdíò dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Iṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ ni mò ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ apá tó kàn mí. Ní àwọn ọdún náà, àdéhùn àárín BBC, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn olórin àti àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kò jẹ́ kí rédíò yí rẹ́kọ́ọ̀dù kọjá iye wákàtí tí wọ́n jọ fọwọ́ sí lóòjọ́. Kí àyè má baà ṣófo, BBC máa ń pe àwọn olórin wá sí sítúdíò láti wá ṣeré, pàápàá jù lọ ní Maida Vale ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí àwọn kan rí gẹ́gẹ́ bí ìdènà ni Peel àti John Walters, tó bá a ṣe ètò fún ọ̀pọ̀ ọdún, sọ di ilẹ̀kùn fún àwọn tí kò lẹ́nìkan. Ẹgbẹ́ olórin á dé pẹ̀lú ohun èlò wọn, wọ́n á gba orin bíi mẹ́rin sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á gba owó iṣẹ́ wọn, a ó sì gbọ́ wọn lórí ètò láìpẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì wọ sítúdíò gidi rí. Nítorí pé kò sí àkókò láti máa tún un ṣe, èémí wọn àti ìkánjú wọn ṣì wà nínú ohun tí a gbọ́, èmi tó ń fi ọjọ́ mẹ́ta nu ohùn orin kan mọ́ sì mọ ohun tí èyí tó sí.

Ó ju 4,000 irú ìgbohùnsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, láti ọwọ́ àwọn olórin tó ju 2,000 lọ. Bob Marley àti Wailers ṣe é ní 1973, Joy Division ṣe é ní 1979, The Smiths ní 1983. The Fall ṣe é nígbà 24. Peel fúnra rẹ̀ kì í sábà sí ní sítúdíò nígbà tí wọ́n bá ń gbà á sílẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì àti rẹ́kọ́ọ̀dù tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ránṣẹ́ láti ibi gbogbo, ó sì ń fi orúkọ rẹ̀ dúró fún èyí tó bá wù ú.

Ẹ wo ti The Undertones. Ọmọ Derry ní Àríwá Ireland ni wọ́n, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Belfast ló bá wọn tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù wọn àkọ́kọ́ ní 1978. Peel yí orin àkọ́kọ́ inú rẹ̀, Teenage Kicks, nígbà tó tán, ó tún un yí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò pẹ́ sí i tí ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan fi wá wọn. Ó sọ títí tó fi kú pé kò sí orin tí òun fẹ́ràn tó o, ọ̀rọ̀ inú orin náà sì ni wọ́n fín sára òkúta ibojì rẹ̀ ní Great Finborough, abúlé tó ń gbé ní Suffolk.

Ìyá Ìbejì Croydon dáhùn pé:

Ọmọ mi, èmi kò gbọ́ orin pọ́ńkì rí, kò sì bá mi lára mu. Orí BBC Radio 4 ni mo ti mọ ọkùnrin yìí. Láti 1998, ó máa ń ṣe ètò kan láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé níbi tí àwọn ènìyàn lásán ti máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wọn, ti ọmọ, ti òkú, ti ẹran ọ̀sìn, òun a sì fi sùúrù gbọ́ wọn. Nígbà tó kú, àwọn ìyá àgbà tí kò mọ orúkọ ẹgbẹ́ olórin kan ṣoṣo nínú èyí tí ẹ kà sílẹ̀ yìí náà ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Ẹ má gbàgbé tiwọn nínú ètò yín.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di oríkì pọ́ńbélé. Ní 1965, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Texas, ọmọbìnrin ọdún 15 ló fẹ́, òun sì ti pé 26. Ó sọ lẹ́yìn náà pé wọn kò sọ ọjọ́ orí ọmọ náà fún òun bó ṣe rí gan-an. Àwọn ọ̀rọ̀ kan tún wà tó sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn nípa àwọn ọmọbìnrin kékeré, tí kò ṣeé gbójú fò. Lẹ́yìn tó kú, ní 2012 tí BBC fi orúkọ rẹ̀ sọ apá kan ilé iṣẹ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ náà tún jáde sí gbangba. Mo mọ̀ pé nílé wa, a kì í fẹ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ sí òkú lọ́rùn, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń gbọ́ yín lẹ́nu kò gbọ́dọ̀ rò pé ẹ ń fi í pamọ́. Ẹ sọ ọ́ kedere, kí ẹ sì tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ṣe.

Ọmọ Ọ̀ṣun ní Nottingham tún kọ̀wé pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mà, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, a ó sì sọ ọ́. Ẹni tí mo kọ́kọ́ rántí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lórí ètò yìí ni Gbenga Adeboye, tó kú ní 2003. Kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì wà nílé wa. Òun kọ́ ló gbé ohùn ẹlòmíràn jáde, ohùn tirẹ̀ gan-an ni a ń rà, ìdí rèé tí ti John Peel fi rú mi lójú. Ó ti ń yé mi wàyí. Ìbéèrè tó kù ni èyí: wákàtí kan péré ni mo ní. Báwo ni kí n ṣe lò ó?

Àgbà Leeds dáhùn pé:

Má fi ọ̀rọ̀ kún un jù. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Radio 1 fi ètò ọjọ́ kejì fún ìrántí rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá 2004, nígbà ìsìn ìsìnkú rẹ̀ ní kàtídírà Bury St Edmunds, èrò tó tó 1,000 ló wá. Nígbà tí ọdún yí po, wọ́n ya ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá 2005 sọ́tọ̀, eré orin tó ju 500 lọ sì wáyé lọ́jọ́ kan ṣoṣo, púpọ̀ nínú wọn nínú yàrá kékeré ilé ọtí, láti ọwọ́ àwọn tí a kò mọ̀ rí. Nínú gbogbo ìyẹn, ti ilé ọtí yẹn ló bá ìwà rẹ̀ mu jù.

Ará Sítúdíò dáhùn pé:

Òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n sọ. Bí èmi bá ni, n ó fi orin The Undertones ṣí i, n ó sì yí i lẹ́ẹ̀mejì láìsọ nǹkan kan láàárín. N ó fi Four Brothers tẹ̀lé e, kí n tó mú ọ̀kan nínú ìgbohùnsílẹ̀ The Fall. Ibẹ̀ ni n ó ti sọ ìtàn Maida Vale, kí n sì sọ èyí tí Màmá Croydon ní kí a sọ. Ìṣẹ́jú 20 tó gbẹ̀yìn kò ní kan John Peel rárá. Ẹ wá ẹgbẹ́ olórin kan ní Nottingham tí rédíò kankan kò tíì gba orin wọn, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó yàn wọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí orin náà pé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ̀rọ̀ lé e. Ẹ pe orúkọ wọn yékéyéké lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì sọ ibi tí wọn yóò ti ṣeré lọ́sẹ̀ náà.