Ọkọ mi wo fíìmù Kirk Cameron tán, ó ní kí n kó ATM mi wá

Ádímìn ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí orúkọ mi hàn o. Ẹ kú ojúmọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Tíṣà ni mí, ọkọ mi ń ta páàtì mọ́tò ní Gate n'Ìbàdàn, ọmọ mẹ́ta la bí. Oṣù tó kọjá làwọn ẹgbẹ́ ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe ìpàdé, wọ́n wo Fireproof, fíìmù Kirk Cameron, òṣèré ará Amẹ́ríkà yẹn, èyí tó ti ṣe panápaná. Ìgbà tọ́kọ mi fi máa délé ó ti di ẹlòmíì. Ó fọ abọ́. Ọkọ mi, fọ abọ́! Ó ń bi mí báwo niṣẹ́, mo kọ́kọ́ rò pé ó ti fún ẹnì kan lóyún níta ni. Ó ní ogójì ọjọ́ lòun máa fi ṣe é bíi ti inú fíìmù, ibi tí ọkọ ti ń tẹ̀ lé ìwé kan lójoojúmọ́ kó lè tún ìgbéyàwó rẹ̀ ṣe, inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò lórí fóònù, ti Cameron àti tàwọn òyìnbó míì tó ń sọ̀rọ̀ nípa ojúlówó ọkùnrin. Sọ́ńdè tó kọjá ló bá ní ọkùnrin ni olórí, kí owó oṣù mi máa wọ àkáǹtì òun, kí n kó ATM mi fóun, òun á máa fún mi lówó ọbẹ̀, Éfésù orí 5. Owó tí mo fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún màmá mi nìyẹn o. Kò lù mí, kò pariwo, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Báwo ni mo ṣe máa dá a lóhùn tí ò fi ní dà bíi pé mò ń bá Ọlọ́run jà?

Ìyá Ìbejì: Má kó o fún un. Mo tún un sọ, má kó o.

Bọ̀dá Elétò: Ẹ̀yin obìnrin ẹ rọra. Ọkùnrin ń fọ abọ́ ẹ tún ń bínú. Kirk Cameron tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn, àtìgbà tó ti ń ṣe Mike Seaver nínú Growing Pains, eré orí tẹlifíṣọ̀n, 1985 sí 1992, fọ́tò rẹ̀ ló wà lára ògiri àwọn ọmọbìnrin Amẹ́ríkà, kò gba Ọlọ́run gbọ́ nígbà yẹn, àmọ́ nígbà tó gbà á gbọ́ ó dúró tì í. Chelsea Noble tí wọ́n jọ ṣeré níbẹ̀ ló fẹ́ lọ́dún 1991, òun náà ni wọ́n jọ wà títí dòní, ọmọ mẹ́fà, wọ́n gba mẹ́rin tọ́ nínú wọn. Nínú Fireproof, ibi tó ti yẹ kó fẹnu ko ìyàwó inú fíìmù lẹ́nu, ó ní òun ò ní fẹnu ko obìnrin míì, ìyàwó rẹ̀ ló wọṣọ onítọ̀hún wá ṣe ibẹ̀. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa kọ́ ọkùnrin ní ìkà? Àkáǹtì kan lèmi àti ìyàwó mi ní.

Ìyá Ìbejì: Orúkọ ta ló wà lórí ẹ̀?

Bọ̀dá Elétò: Ti àwa méjèèjì.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé sà. Ohun tọ́kọ tiẹ̀ ní kó ṣe kọ́ nìyẹn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ṣé ọkọ yín wo fíìmù yẹn dé ìparí ṣá, àbí NEPA ló mú iná? Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi kan ní Albany, Georgia ló ṣe é, 2008, mo ti wò ó tó ìgbà mélòó kan. Caleb, ìyẹn ọkọ tí Cameron ṣe níbẹ̀, ń tọ́jú owó láti ra ọkọ̀ ojú omi, 24,000 dọ́là. Rọpárọsẹ̀ ti kọ lu màmá ìyàwó rẹ̀, wọn ò rówó ra bẹ́ẹ̀dì àti kẹ̀kẹ́ arọ fún un, owó ọkọ̀ ojú omi yẹn ló kó sílẹ̀, kò tiẹ̀ sọ fún ìyàwó, ìyẹn ń rò pé dókítà tó ń dẹnu kọ ọ́ ló san án. Kọ̀ǹpútà tó fi ń wo ìwòkuwò, ó gbé e síta ó fọ́ ọ túútúú. Látìbẹ̀rẹ̀ dópin ohun tó jẹ́ tiẹ̀ ló ń yọ̀ǹda, kò bèèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ obìnrin. Ìwé ogójì ọjọ́ yẹn ńkọ́? Bàbá rẹ̀ ló fún un, ó rò pé bàbá ló ṣe é fún ìyá, ìparí ló tó mọ̀ pé ìyá ló ṣe é fún bàbá, ìyá tó ti ń jágbe mọ́ ṣáá yẹn. Ẹ jọ tún un wò, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í.

Bọ̀dá Elétò: Òótọ́ nìyẹn, mi ò rántí ibi ìyá yẹn.

Alhaja Onílééṣì: Mùsùlùmí lèmi o, ẹ jẹ́ n dá sí i. Súrà Nisái ẹsẹ 34, ọkùnrin ni alámòójútó obìnrin, ẹsẹ yẹn náà ló sọ pé nítorí ohun tí wọ́n ń ná nínú owó wọn. Owó obìnrin, tiẹ̀ ni, tó bá fi ran ọkọ lọ́wọ́, sàárà ni. Tiyín náà sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó ka ẹsẹ 25 nínú Éfésù yẹn, ibi tí wọ́n ti ní kí ọkọ fara ẹ̀ jìn fún aya. Àwọn aládùúgbò mi tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì máa ń fò ó ni. Àmọ́ àbúrò, ẹ jẹ́ n bi yín, báwo lọjà ṣe ń lọ ní Gate? Àwọn tó ń ta páàtì ń sunkún dọ́là. Ìtìjú kì í jẹ́ kí ọkùnrin sọ pé owó ti tán lọ́wọ́ òun, á yáa ní òun lolórí.

Oníbéèrè: Alhaja, àfi bíi pé ẹ wà nílé wa. Mo bi í lálẹ́ àná, ó dákẹ́, ó pẹ́ kó tó sọ pé kóópù ni. Ó yá owó kó ọjà, ọjà ò yá, wọ́n ti ń halẹ̀ pé àwọn á wá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbọ́! Kí ló dé tí ò sọ ìyẹn látọjọ́ yìí.

Bọ̀dá Elétò: Madam, ẹ má bá a jà. Èló ló kù? Ẹ jẹ́ kí òun fúnra ẹ̀ pè mí, èmi náà wà nínú kóópù kan ní Gate, wọ́n máa ń gbà kéèyàn pín in san tẹ́ni tó mọ̀ wọ́n bá bá a dé ọ̀dọ̀ alága. Mo ti fi nọ́ńbà mi sí inbox yín.