Kọ̀ǹpútà mi ò tan mọ́, ṣé kí n tún un ṣe ni àbí kí n ra òmíràn?

ÌyáTàípì_Kábà

Okun o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn láti ọjọ́ Ẹtì. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Kábà níbí, àwọn ọmọ iléèwé gíga ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń bá tẹ iṣẹ́, prójẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà, mo tún máa ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú àti káàdì ìgbéyàwó. Désktọ́ọ̀pù ni mò ń lò, tòkunbọ̀ ni, Ìlọrin ni mo ti rà á ní 2016, láti ìgbà yẹn mi ò náwó kankan lé e lórí ju kíbọ́ọ̀dù àti máósì lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, òjò ṣú, ìjì ń jà, iná lọ. Nígbà tó máa padà dé, ó dé pẹ̀lú agbára, gílóòbù orí mi mọ́lẹ̀ lọ́nà tí mi ò rí rí, sítábíláísà ń kùn hùùù, mo sáré lọ yọ ọ́ àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Látìgbà náà, tí mo bá tẹ bọ́tìnnì, fáànù á yí díẹ̀, iná kékeré iwájú ẹ̀ á ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń dùn mí.

Ẹnjiníà àkọ́kọ́ tó wá ò tiẹ̀ ṣí i, ó ní mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó ńlá inú ẹ̀ tí gbogbo nǹkan so mọ́, ló jó, kí n mú 45,000 wá. Ìkejì ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, òun ní òmíràn nílẹ̀ tóun máa tà fún mi ní 180,000. Níbo ni n ó ti rí 180,000 báyìí, ọmọ méjì wà níléèwé, iṣẹ́ tí mo fi ń wá owó gan-an ló dúró yìí.

Èyí tó wá ń pa mí lẹ́kún jù, inú kọ̀ǹpútà yẹn ni ohùn bàbá mi wà. Ọdún tó ṣáájú kí wọ́n tó papò dà ni mo gbé fóònù síwájú wọn, wọ́n ka oríkì ìdílé wa ní èdè Owé tiwa ní Kábà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n á dárúkọ àwọn tó ti lọ, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá fetí sí i dáadáa ẹ máa gbọ́ àkùkọ tó ń kọ lẹ́yìnkùlé. Fóònù yẹn ti sọnù. Ibẹ̀ yẹn nìkan ló kù sí. Tó bá jẹ́ pé mọ́dábọ́ọ̀dù ti jó lóòótọ́, ṣé ohùn yẹn náà ti lọ nìyẹn?

Ọmọ_Ìyàrà

Àǹtí ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fi èyí tó dáa rọ́pò ẹ̀. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ má tún un ṣe. Tòkunbọ̀ tẹ́ ẹ rà ní 2016, ó ti lo ọdún mélòó kan lọ́hùn-ún kó tó dé Ìlọrin, ó ti gbó. Èmi náà tún tèmi ṣe tún un ṣe, lónìí páwà pákì, lọ́la RAM (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí), oṣù tó tẹ̀ lé e sukirínì, ọjọ́ tí mo jókòó ṣírò owó ẹ̀ pọ̀ ni mo rí i pé ó ti ju iye tí mi ò bá fi ra òmíràn lọ, ẹ̀yìn gbogbo ẹ̀ ó ṣì kú. Ẹ rọra wá owó jọ, kẹ́ ẹ ra láptọ́ọ̀pù, tí iná bá lọ, bátìrì á gbé yín dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́ dé.

Ẹnjiníà_Ẹ̀gbẹ̀

Àǹtí wa, okun o. Ẹ kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀ ná, ohùn bàbá yín ò sí nínú mọ́dábọ́ọ̀dù rárá. Inú hádì dísìkì ló wà, irin pẹlẹbẹ kan báyìí tó tóbi tó Bíbélì àpò, síkùrù mẹ́rin ni wọ́n sábà fi ń dè é mọ́ inú bódì, wáyà méjì péré ló sì so ó mọ́ àwọn yòókù, ọ̀kan fún iná, ọ̀kan fún iṣẹ́. Mọ́dábọ́ọ̀dù lè kú pátápátá kí hádì dísìkì ṣì wà láàyè, ojoojúmọ́ là ń rí i lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé kọ̀ǹpútà yẹn fún ẹnikẹ́ni mọ́ láìjẹ́ pé ẹ ti yọ ọ́ sílẹ̀, torí àwọn kan wà tí wọn ò ní bi yín, wọ́n á ní àwọn fẹ́ fọ́máàtì ẹ̀ wò, ìyẹn ni pé wọ́n á nu gbogbo inú ẹ̀ kúrò, ìgbà yẹn ni ohùn bàbá á wá lọ ní ti gidi.

Ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ní désktọ́ọ̀pù tó ń ṣiṣẹ́, kó so ó mọ́ tiẹ̀, kẹ́ ẹ kó gbogbo nǹkan inú ẹ̀ síbòmíràn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta wáyà USB tẹ́ẹ́rẹ́ tí ò ní ṣájà tiẹ̀ fún yín o. Hádì dísìkì láptọ́ọ̀pù nìyẹn lè gbé. Ti désktọ́ọ̀pù ń fẹ́ 12V (V ni fóòtì iná), 5V ni USB ń gbé wá, kò ní yí rárá, ẹ ó wá rò pé ó ti bàjẹ́, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ ẹkún lásán.

Ó wá ku nǹkan tó pa á. Fáànù tó yí díẹ̀ tó dúró yẹn, pẹ̀lú bí iná ṣe dé, páwà pákì ni mo kọ́kọ́ fura sí. Òun ló ń gba 230V láti ara ògiri tó ń sọ ọ́ di 12V, 5V àti 3.3V fún gbogbo ara kọ̀ǹpútà, òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìyà tó bá ń bọ̀ láti ìta, òun ló máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ẹni tí ò ṣí i, tó wá ní mọ́dábọ́ọ̀dù ló jó, kí ló fi mọ̀? Inú bí mi nígbà tí mo ka ibẹ̀ yẹn. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò nìyí. Ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ bódì, ẹ já gbogbo ẹnu wáyà tó ti ara páwà pákì wọ inú, kó má ku ẹyọ kan. Ẹ wo èyí tẹ́nu ẹ̀ tóbi jù, kẹ́ ẹ ka ihò ẹ̀. Tó bá jẹ́ 24, ó dáa. Àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kan wà tó jẹ́ 6 tàbí 8, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ padà wá sọ fún mi, torí ìyẹn yàtọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo páwà pákì ló máa wọ̀ ọ́. Nínú 24 yẹn, wáyà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló wà, dúdú pọ̀ níbẹ̀. Ẹ na kílíìpù ìwé kan, ẹ ki ẹnu ẹ̀ kan sí ihò aláwọ̀ ewé, ẹ ki ìkejì sí ihò dúdú, ẹ jọ̀ọ́ kẹ́ ẹ ṣe èyí TÁN kẹ́ ẹ tó ki wáyà mọ́ ògiri. Tẹ́ ẹ bá wá tan iná, fáànù páwà pákì gbọ́dọ̀ yí, kó sì máa yí lọ. Tí ò bá yí, tàbí tó yí díẹ̀ tó dúró, òun ló kú. Tó bá ń yí, ẹ má tíì yọ̀, ó lè máa yí kí iná tó ń gbé jáde má pé, mítà ló máa sọ ìyẹn: wáyà aláwọ̀ ìyeyè ni 12, pupa 5, aláwọ̀ ọsàn 3.3. Ẹ má ṣí inú páwà pákì fúnra ẹ̀ láéláé, iná máa ń fara pamọ́ síbẹ̀ kódà tẹ́ ẹ bá ti yọ wáyà ẹ̀, ó lè gbé èèyàn ṣubú.

Tí páwà pákì bá dáa, ẹ yọ RAM, ẹ fi írésà nu ẹnu ẹ̀ tó ń dán bíi góòlù yẹn, kẹ́ ẹ dá a padà kó dún kọ́. Eruku ọyẹ́ níbi tiwa yìí ti sọ RAM tó pọ̀ di òkú lásán. Lẹ́yìn náà ẹ wo àwọn àgbá kéékèèké tó dúró sórí mọ́dábọ́ọ̀dù, orí wọn yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tórí ẹ̀ bá wú tàbí tó ti sun omi aláwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀, ẹjọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù ti dé lóòótọ́. Tó bá débẹ̀, mo fara mọ́ Ọmọ_Ìyàrà, ẹ má náwó sí i mọ́.

Tíṣà_Ìsánlú

Ẹ kú àtilẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n, ẹ ti là á yé wa. Àǹtí, lára mi náà ló ti dé rí, máàkì àwọn ọmọ kíláàsì mẹ́ta ló wà nínú tèmi.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ro nǹkan kan mọ́ owó àtúnṣe. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i3 tàbí i5, ìyẹn orúkọ ọpọlọ Intel tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín, lórí rìsíìtì tẹ́ ẹ fi rà á. Tó bá jẹ́ bíi i5-3470, 3 tó bẹ̀rẹ̀ yẹn ni pé ìran kẹta ni. Windows 11 ò gba irú ẹ̀, ìran kẹjọ sókè ni Microsoft ń gbà fún Intel, wọ́n tún fẹ́ nǹkan ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Windows 10 tó ṣeé ṣe kó wà lórí ẹ̀, Microsoft ti jáwọ́ lára ẹ̀ láti 14 oṣù kẹwàá 2025. Èyí ò ní kó má tan o, á tan, á tẹ̀wé, á prínítì. Ibi tọ́rọ̀ wà ni íntánẹ́ẹ̀tì àti fáláàṣì àwọn ọmọ iléèwé tó ń wọlé tó ń jáde lára ẹ̀, kòkòrò tó bá wọ̀ ọ́ báyìí, kò dájú pé ẹnì kan á dí ihò yẹn fún yín. Torí náà tó bá jẹ́ owó kékeré ló máa gbé e dìde, ẹ gbé e dìde kó máa tẹ iṣẹ́, ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ báńkì lórí ẹ̀. Tó bá jẹ́ 45,000, rárá o. Ẹ tọ́jú 45,000 yẹn mọ́ owó òmíràn.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ta tòkunbọ̀ fún yín, nọ́ńbà yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi í. Èyí tí wọ́n ní 180,000 yẹn, ìran kelòó ni? Ẹni tó ta ìran kẹta fún yín ní 180,000, ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín ẹ̀ àti èyí tó kú nílẹ̀ yẹn?

ÌyáTàípì_Kábà

Ẹ ṣé gan-an ni o, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti ṣe é. Ọmọ mi ọkùnrin ló bá mi di tọ́ọ̀ṣì mú, ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí mò ń tú síkùrù ìkẹrin yẹn torí ó ti dógùn-ún. A gbé hádì dísìkì lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń ṣe fótò, ó so ó mọ́ tiẹ̀, a dúró, a ò sọ̀rọ̀. Ó jáde wá. Gbogbo fódà ló jáde, títí kan ìwé ètò ìsìnkú 2017. Mo ní kó tẹ ohùn yẹn, ó tẹ̀ ẹ́, bí mo ṣe gbọ́ àkùkọ yẹn ni mo bọ́ síta lọ jókòó. A ti kó o sórí fáláàṣì, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Lọ́kọ́jà lórí WhatsApp.

Mo wá ṣe ti kílíìpù náà. Ihò ẹ̀ jẹ́ 24. Fáànù páwà pákì nìkan, tí ò sí nǹkan kan lára ẹ̀, yí díẹ̀, ó dúró, bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo wo àwọn àgbá kéékèèké yẹn, orí gbogbo wọn tẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti bá mi rí páwà pákì tòkunbọ̀ kan ní Lọ́kọ́jà, 13,000, dírẹ́bà tó ń gba Obajana bọ̀ ló máa gbé e wá lọ́la. Nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì kọ̀ǹpútà mi, lẹ́yìn i5, 3 ló fi bẹ̀rẹ̀, bí Tíṣà ṣe sọ. Mo pe ẹni 180,000 pé ìran kelòó ni tiẹ̀, ó ní òun máa pè mí padà.

Ọmọ_Ìyàrà

Àǹtí, mo bá yín yọ̀ gan-an. Mo gbà pé mo yára sọ̀rọ̀. 13,000 yàtọ̀ sí 45,000 pátápátá.

Ẹnjiníà_Ẹ̀gbẹ̀

Àǹtí, kẹ́ ẹ tó ki páwà pákì yẹn mọ́ iná, ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò. Àwọn kan ní bọ́tìnnì pupa kékeré kan lẹ́yìn tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá lè wà lórí 115, tẹ́ ẹ bá ki í mọ́ iná ilé wa bẹ́ẹ̀, á bú gbàmù lójú ẹsẹ̀, 13,000 lọ nìyẹn. Ẹ fi síkùrùdíráfà tì í sí 230. Tí òjò bá ti ń ṣú, ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri, ẹ má gbára lé sítábíláísà yẹn nìkan, tí iná bá sì padà dé, ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú márùn-ún ná. Ẹ wá fáláàṣì kejì kẹ́ ẹ da ohùn bàbá sí i, kẹ́ ẹ má fi pa mọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́.

ÌyáTàípì_Kábà

Ẹ̀gbọ́n, 115 ló wà o! Ọmọ mi ló rí i, èmi ti di ẹnu wáyà mú lọ́wọ́. A tì í sí 230, mo gbàdúrà, mo tẹ bọ́tìnnì, fáànù yí, ó ń yí lọ, sukirínì mọ́, ó ní kí n tẹ páswọ́ọ̀dù. Fáláàṣì kejì wà nílé lábẹ́ aṣọ mi. Ẹni 180,000 ò tíì pè mí padà. Mo ti padà sẹ́nu prójẹ́ẹ̀tì ọmọ kan tó ti ń dúró láti ọjọ́ Ẹtì, ojú ewé 34 ni mo wà báyìí.