Àbọ̀ lórí ìwé kíkà fún ọmọ tí bọ́ọ̀lù gbà lọ́kàn

Mo béèrè lọ́wọ́ yín ṣáájú bí a ṣe lè mú ọmọ tí kò mọ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ kópa nínú ètò ìwé kíkà tí ilé ìkàwé ìjọba ń ṣe fún àwọn ọmọdé nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ọ̀rọ̀ náà ti lójú báyìí, ẹ ṣeun gan-an.

Eré ìdárayá ni kókó ètò náà, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé Amẹ́ríkà lọ́dún 2016 àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2023. Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni ti ẹni tó ní kí n mú un lọ síbi nọ́ńbà 796, níbi tí ìlànà Dewey, tí ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé fi ń fi nọ́ńbà to ìwé ní kókó-kókó, to ìwé eré ìdárayá sí. Ó fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, ó ń fi ìka tọ àtẹ àmì-ayò láti òkè délẹ̀, títí ó fi bi mí léèrè ìdí tí rẹfirí fi wọ́gi lé góòlù kan nínú ìtàn inú ìwé alàwòrán tó ń kà. Olùtọ́jú ìwé ka ìwé alàwòrán náà mọ́ ohun tó kà (bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ, lójú tèmi). Ẹ̀bùn tí wọ́n ṣèlérí kò tilẹ̀ jẹ ẹ́ lógún mọ́. Ìbéèrè mi ti rí ìdáhùn, mo sì pa á dé níbí.