Màmá ọkọ mi àti omi ìwẹ̀ ọmọ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá. Ọmọ mi pé ọjọ́ 9 lónìí, ìwọ́ rẹ̀ kò tíì já. Nọ́ọ̀sì ní kí n ṣì máa fi aṣọ rírọ̀ nù ún lára, kí ojú ìwọ́ lè máa gbẹ. Màmá ọkọ mi ò gbà. Wọ́n ní ọmọ tí a ò bá fi kànìnkànìn fọ̀, tí a ò jù sókè, ara rẹ̀ ò ní le. Láàárọ̀ yìí, wọ́n ki aṣọ bọ omi gbígbóná, wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ nídodo. Ọmọ ké títí ohùn fi há. Mo ti ìgbọ̀nwọ́ bọ omi náà, ó jó mi!

Wọ́n tọ́jú mi gan-an o, ọbẹ̀ ata wọn ò lẹ́gbẹ́. Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ tí kò ní dà bí àrífín? Àbí kí ọkọ mi bá wọn sọ ọ́?